Ilé-Iṣẹ́ Tẹlifóònù Tí Adéjàre Gbẹ́kẹ̀ Lé

Lọ́dún 1997, Adéjàre, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Òkukù, ra ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó fẹ́ máa ta tẹlifóònù aláìlókùn. Ó rọ Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ opó ní Inísà, pé kí òun náà rà á, ìyẹn sì rà á. Kò pé ọdún méjì tí ìròyìn fi dé pé irú ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní GSM ń bọ̀, pé ó dára ju tiwọn lọ. Àwọn olówó ńlá kó owó wọn jáde, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé.

Ojú ti Adéjàre. Oṣù mẹ́rin ni kò fi dé Inísà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ó ń dá jẹun, ó ń dá gbàdúrà. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Owó yín ti ṣègbé.”

“Mo ti gbọ́ lórí rédíò tipẹ́,” ni Àrínọlá wí. “Owó lọ, ìwọ náà lọ. Èwo lo rò pé ó dùn mí jù?”

Àrínọlá sún fún un lórí bẹ́ńṣì, Adéjàre sì jókòó tì í.