Ìkúnlẹ̀ Níwájú Sípíkà

Èmi kò fẹ́ràn ariwo. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Ìpáò, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ sì tó mi. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo wà ní pápá kan ní Ọ̀yẹ́ kí oòrùn tó yọ, tí mo tò sórí ìlà nítorí orin, kí ẹ mọ̀ pé àbúrò mi Sùmáyà ló gbé mi débẹ̀.

Ibà kan ló ba etí Sùmáyà jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Bí o bá kọjú sí i, tí o sì rọra sọ̀rọ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ. Bí o bá kẹ̀yìn sí i, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ìwọ àti ògiri. Síbẹ̀, orin ló yàn láàyò, kì í sì í ṣe orin jẹ́jẹ́. Orin rọ́ọ̀kì ni, orin onígìtá tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó máa ń fi fóònù ti egungun àyà rẹ̀ kí ìlù lè wọlé sí i lára. Lọ́dún tó kọjá, dókítà tó rí i ní Ìdó sọ pé ìwọ̀nba tó kù nínú etí náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a wá gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Mànàmáná tó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá ṣeré ní Ọ̀yẹ́, ó ní òun gbọ́dọ̀ dúró síwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kí òun lè gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré kí etí tó di. Ìyá wa ní kí n tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé e.

A rò pé àwa la máa kọ́kọ́ dé. Irọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà jẹ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Èkejì jẹ́ kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ òkúta. Bí a ṣe máa ń tò nídìí ẹ̀rọ omi ní Ìpáò nìyẹn: o fi ẹrù rẹ dípò ara rẹ, o padà lọ sùn. A tò sẹ́yìn òkúta. Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, ẹni tó ni òkúta dé. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó sì wo èmi tí mo ń làágùn bí ẹni pé èmi ni ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n ṣí géètì. Sùmáyà sáré. Ó dé iwájú, ó bá àga rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ọmọkùnrin kan tó fi káàdì kọ́rùn, Tìmílẹ́yìn lorúkọ tó wà lára rẹ̀, nawọ́ dí wa lọ́nà.

"Àwọn àgbà ùlú ló ni uwájú," ó ní. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Ó yẹ kí a ti mọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ewúrẹ́ méjì bá ń jà lóde, wọn á kọ́kọ́ gbé àga fún àwọn àgbà kí wọ́n tó là wọ́n. Wọ́n tì wá sẹ́yìn okùn. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Sùmáyà tẹ ọwọ́ mọ́ àyà, ó dúró díẹ̀, ó sì mi orí fún mi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí wọra.

Àwọn àgbà ní tiwọn ti ki ìka bọ etí. Kí orin àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ní ìpàdé. Olóyè Ọlátúbọ̀sún nìkan ló kù, lórí àga tó sún mọ́ sípíkà jù lọ. Kò tíì mu mọ́ọ̀tì rẹ̀ tán ni. Àwọn àga yòókù ṣófo, Tìmílẹ́yìn sì ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ kòkó tí a sá.

Sùmáyà wo àga, ó wo Tìmílẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn, ó lọ tààrà, ó kúnlẹ̀ níwájú Olóyè. Mo sáré tẹ̀lé e, èmi náà kúnlẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Tìmílẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró. Ta ni yóò fa ọmọ tó ń kí àgbà dìde, ilé wo ni yóò sì padà sí?

"Ọmọ dáadáa," Olóyè ní. "Dìde."

Sùmáyà kò dìde. Ó tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kò sì rí ẹnu Olóyè. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti wà lára àpótí sípíkà. Àbúrò mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹrí ba ni.

"Mo ní kó dìde," Olóyè pariwo lé orin lórí. "Kí ló ṣe é?"

Mo sún mọ́ ọn. "Kò gbọ́ràn, Bàbá. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, kò gbọ́ nǹkan kan. Ubi sípíkà yìí nìkan ló ti lè gbọ́ orin, etí ọ̀ún sì ń kú lọ."

Olóyè gbé mọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ó wo Sùmáyà pẹ́. Tìmílẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ láti di ọmọ náà léjìká mú.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" Olóyè bi í.

"Ẹ ti ní kó dìde, sà."

"Èmi? Mè tíì ní kó dìde. Bó o bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, a jẹ́ pé etí ùwọ gan-an ló ti bàjẹ́."

Bí a ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn. Orin kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Eékún ń ro mí. Sùmáyà fi àyà ti àpótí náà, ó dijú, orí rẹ̀ ń bá ìlù lọ, kò ṣáájú rẹ̀, kò sì gbẹ̀yìn. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ibà yẹn ti ṣe é. Mo sunkún. Èmi tí mo kórìíra ariwo, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má dákẹ́.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà, èrò sì ń tú ká. Olóyè dìde, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ko ojú Sùmáyà, ó rọra sọ ọ́ kó lè rí i lẹ́nu rẹ̀: "Ó ti tán, ọmọ mi. Dìde wàyí."

Sùmáyà rí i. Kò gbé ọwọ́ kúrò lára àpótí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó ní. "Ó ṣì ń dún nínú mi. Mè sì mọ̀ bóyá á tún dún mọ́."

Olóyè wo àwọn tó ń kó àga. Ó padà jókòó, ó sì ní kí wọ́n fi tòun sílẹ̀.