Ìlà Pupa Tí Dàákọ Kó

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi oge sí ojú dúdú kọ̀ǹpútà tí a ti ń tẹ àṣẹ fún un ní ọ́fíìsì wa. Ìlà kékeré tó máa ń dúró de àṣẹ ẹni, mo fi àwọ̀ ewé kùn ún lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, mo fi pupa kùn ún lórí kọ̀ǹpútà gidi tí orúkọ àwọn oníbàárà wà. Ẹni tó bá ti rí pupa á rọra tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀.

Ọ̀gá mi, tí a máa ń pè ní Dàákọ lẹ́yìn ẹ̀, kì í ka nǹkan. Fáìlì tí mo kọ oge wọ̀nyí sí ló máa ń kó lódindi, á wá máa yangàn pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Lọ́jọ́ kan, ó kó fáìlì ti ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà gidi. Ó rí àwọ̀ ewé, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó sì pa gbogbo orúkọ oníbàárà rẹ́. Kí n tó ti ìdí oúnjẹ ọ̀sán dé, ó ti gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Orúkọ kan náà ni gbogbo wa fi ń wọ kọ̀ǹpútà gidi náà, ẹ̀rí wo ni mo fẹ́ mú wá? Màmá tó ni iléeṣẹ́ sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé, pé lẹ́yìn ẹ̀ kí n máa lọ sílé. Mo wá páálí, mo kó ẹrù mi sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run á bá a níbi tí mo bá so ó mọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè. Mo fi oge tuntun sínú fáìlì tèmi, mo fi aago kékeré sí i kó lè wọ Dàákọ lójú. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo kọ ọ́ pé bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà Dàákọ ló wà, kó bi í ní ìbéèrè kan. Mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹ̀ rárá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kó o.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ohun tó bá tẹ̀, ìlà pupa á yọ sí i: «Ta ló pa orúkọ wọn rẹ́?» Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án, ibi tí ìbéèrè náà wà náà ló wà. Kò mọ ibi tó ti ń wá, torí kò kà á rí. Kò sì lè bi ẹnikẹ́ni. Èmi jókòó sídìí tábìlì mi, mò ń gbádùn ara mi.

Nígbà tó yá, ó wá bá mi. “Jọ̀ọ́, bá mi yọ ọ́.”

“Ìbéèrè ló bi yín, sà. Ẹ dá a lóhùn.”

Látìgbà náà ni kò ti ṣí kọ̀ǹpútà náà mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá ní kí Dàákọ fi iná gbé ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ sára ògiri, kí gbogbo wa rí ohun tí mo bà jẹ́. Dàákọ gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ̀, kò ṣí i. 

“Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́, mà,” ló sọ. “Kì í ṣe òun.”

Síbẹ̀, Màmá ní kó ṣí i. Ó ṣí i. Ìlà funfun lásán ló yọ lára ògiri, kò bi í ní nǹkan kan. Mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì náà pé bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá ti mọ́, kó dákẹ́.

Dàákọ yíjú sí mi. Mo da ẹrù mi kúrò nínú páálí sórí tábìlì, mo sì na páálí náà sí i.