Màmá Wa Ń Sá Ọ̀rá Nínú Igbó Etídò

Àǹtí mi, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lá àlá pé a wà nínú igbó etídò yẹn, èmi àtàwọn tá a jọ máa ń lọ ṣa ìdọ̀tí ibẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Odò ò ní omi mọ́, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ló ń ṣàn níbẹ̀.

Màmá wa jókòó sétí odò, lórí àpótí tí wọ́n fi ń fọṣọ. Wọn ò kú mọ́, kò sì yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń fọ ọ̀rá níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sá a sórí ẹ̀ka igi, bí wọ́n ṣe máa ń sá a sórí okùn nílé kí wọ́n tó ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rá bo gbogbo igi, a ò rí ewé mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sá a lèmi náà ń já a sínú àpò, torí olórí wa ní ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ti dé.

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn fọwọ́ tútù di ẹnu àpò mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ńkọ́? Mo dé yàrá, mi ò bá ìkankan."

Ẹ sì mọ̀ pé èmi àtẹ̀yin la dáná sun àwọn ọ̀rá yẹn lọ́jọ́ kẹta tá a sin màmá.

Mo lanu kí n dáhùn, ọ̀rá ló ń jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo jí.