Ojú Kan Ń Sùn, Ojú Kan Ń Ṣọ́lé

"Kí lẹ fi sí i?"

Dókítà Tiwalọlá ti tan iná kékeré sí ojú ọ̀tún Hanifah, ó sì ń fi ìka kan rọra gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Irọ́ kì í rọrùn láti pa fún ẹni tó di ojú èèyàn mú, ṣùgbọ́n Hanifah gbìyànjú rẹ̀.

"Oògùn tí wọ́n fún mi ní ọsibítù yẹn nìkan ni mo lò, mà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, mà."

Dókítà náà pa iná, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó. Obìnrin tí kì í kánjú ni. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún yín," ó ní. "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yìí kò ṣe é burú. Mo rí ibi tó gé, ó tọ́. Ẹ̀yìn tó ṣe é tán ni nǹkan bà jẹ́. Òwú tí wọ́n fi rán ojú òsì já kí egbò tó jiná, ìyẹn ló jẹ́ kó tún wálẹ̀. Ti ọ̀tún ńkọ́, àpá ló fà á sókè, ìdí nìyẹn tí kò fi ń pa dé. Ohun kan wọ ojú yìí tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Tí mi ò bá mọ nǹkan ọ̀hún, a lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì kó tún rí bákan náà. Mi ò sì fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Hanifah wo ilẹ̀. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti bà jẹ́ ló ti ń bú dókítà àkọ́kọ́. Kò sí oníbàárà tó wọ sìtúdíò fótò rẹ̀ ní Benson, Ìkòròdú, tí kò tíì gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe fi ọ̀bẹ ṣeré lójú òun.

"Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí n tó dá ọjọ́," ni dókítà wí. "Ẹ bá mi wá fótò yín tó ti pẹ́, tí wọ́n yà kó tó di pé wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́, kí n lè mọ bí ojú náà ṣe rí látilẹ̀. Èkejì, ẹni tó máa wà nílé pẹ̀lú yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ mú un wá. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mà?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni dókítà dáhùn, ó sì dìde láti sìn ín sílẹ̀kùn.

Ká má purọ́, ojú tí Ọlọ́run fún Hanifah kò ní àbùkù. Ó kàn wúwo ni. Ojú ìdílé Làtífù, bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ni ó jogún. Ní Ẹ̀pẹ́, bí àwọn apẹja bá rí ọmọ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, wọn kì í béèrè ilé tó ti wá, wọ́n á kàn kí i ní oríkì bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú kò mọ Làtífù. Ní Ìkòròdú, ẹni tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ń sùn ni. Àwọn tó wá ya fótò a máa béèrè lọ́wọ́ Hanifah bóyá kí àwọn padà wá nígbà tó bá jí. Ọkùnrin kan tó wá fẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ náà dára, àmọ́ òun kò mọ ìgbà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ìyẹn ló dun Hanifah jù, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ló gbọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbé ìpéǹpéjú náà sókè, ọ̀ràn wá burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojú òsì padà sídìí oorun rẹ̀. Ti ọ̀tún là sílẹ̀ gbagada, kì í pa dé tán bí Hanifah tilẹ̀ ń sùn, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sí i, a máa ta á bí ata. Àwọn ọlọ́kadà Benson, tí yẹ̀yẹ́ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, sọ ọ́ ní Ojú Kan Ń Sùn, Ojú Kan Ń Ṣọ́lé. Hanifah a bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá délé, a sunkún.

Nígbà tó padà dé sìtúdíò, ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún Waliyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Waliyah ń tún fótò ìkómọ kan ṣe lórí kọ̀ńpútà. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"O ò sọ ti àpólò fún un?"

"Mi ò sọ."

"Hanifah."

"Ojú ń tì mí."

"Ojú tó ń tì ọ́ ló sọ ojú ẹ di báyìí." Waliyah yí àga rẹ̀ padà. "Mo lè tẹ̀ lé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá tún já wọlé láti Ẹ̀pẹ́ bíi ti ìjọ́sí ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Àpólò ẹlẹ́ẹ̀kejì?"

Bí ọ̀ràn àpólò náà ṣe jẹ́ nìyí. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún un tí ìyá rẹ̀, Kúlúsúmù, gbé ẹja yíyan wá kí i, kò sì fi tó o létí. Ó bá ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, tó wọ awò ojú dúdú, tí ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Hanifah ni pé àpólò ń ṣe òun. Gbogbo Ìkòròdú ni àpólò, àrùn ojú pípọ́n tó ń ràn, ń yọ lẹ́nu lásìkò náà, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ìyá náà gbà á gbọ́, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lọ bẹ ìyá ọlọ́mọ kékeré kan ní ilé kejì, ó gba omi ọmú wá, ó kán an sí ojú méjèèjì. Ó bu omi gbígbóná, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó ń nù ún. Ojú òun fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Òwú dúdú tí dókítà fi rán egbò, ìpin tó gbẹ ló rò pé ó jẹ́, ó bá ń fi èékánná họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń kí ọmọ rẹ̀ kú ìrora. Lẹ́yìn náà ló mú tìróò jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà gba etí ìpéǹpéjú kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Hanifah di ẹní mú, kò sọ ọ́.

Ìdí tí kò fi sọ ọ́ ni pé láti ìgbà tí Làtífù ti kú ni ìyá rẹ̀ ti ń wo ojú Hanifah, á ní, "Bàbá yín ò lọ síbì kankan." Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé òun sanwó kí wọ́n gé e kúrò?

Ní ti fótò, kò sí ibòmíràn tó lè rí i. Ẹni tó ń ya gbogbo ayé ti pa tirẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù àti kọ̀ńpútà. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ó wà lára ògiri ní Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Hanifah wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ló ń to irọ́ tó fẹ́ pa fún ìyá rẹ̀ jọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ló bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà lórí wáyà, èéfín bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Hanifah? O ò pè kó o tó máa bọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Fótò mi tó wà ní pálọ̀ ni mo wá mú. Wọ́n ní kí n mú èyí tó ti pẹ́ wá ní báǹkì."

"Báǹkì wo ló ń béèrè fótò àtijọ́?" Ìyá náà dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wá sún mọ́ ọn. "Jẹ́ n wò ọ́. Ojú ọ̀tún yìí tún ti pọ́n. Àpólò yẹn kò lọ tán nínú ẹ láti ọjọ́ yìí. Jókòó síbẹ̀, kí n mú tìróò wá."

Ó ti ń tú etí ìró rẹ̀ níbi tó ń so ìgò tìróò mọ́. Hanifah di ọwọ́ náà mú.

"Ìyá, ẹ má fi sí i. Kì í ṣe àpólò. Kò fìgbà kan jẹ́ àpólò."

Nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dúró mọ́. Ó sọ ti iṣẹ́ abẹ, ó sọ ti òwú, ó sọ ohun tí dókítà tuntun rí. Ìyá rẹ̀ padà sídìí ààrò, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ọwọ́ yìí ló họ òwú náà," ó ní.

"Ẹ ò mọ̀, Ìyá. Èmi ni mi ò sọ."

"Mo ní ìpin ni. Mo tún ń sọ pé ìpin yìí mà le o." Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. "Tó o bá sọ fún mi, ṣé mo máa pa ọ́ ni?"

"Mo rò pé ẹ máa ní mo kọ ojú Bàbá."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. Ó wò ó títí, ó wá mi orí.

"Ojú bàbá rẹ? Bàbá rẹ gan-an kò gbádùn ojú náà. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tún àwọ̀n ṣe, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. O rántí?"

"Mo rántí. Wọ́n ní a ń pariwo."

"Ariwo kọ́. Pílásítà ló fi ń lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ mọ́ iwájú orí, kó tó lè rí ojú àwọ̀n. Èmi ni mò ń gé e fún un. Bó bá ṣe tán, á ní kí n rọra ṣí i, kó má baà fa irun ojú rẹ̀ tu. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ rí i, kẹ́ ẹ má baà rò pé ohun tí òun fi sílẹ̀ fún yín kò dára." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Ká ní ẹnì kan sọ fún Làtífù pé dókítà lè bá a gbé e sókè, kò ní dúró de ọkọ̀. Á tukọ̀ ara rẹ̀ lọ."

Hanifah kò mọ ìgbà tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú èéfín náà. Ìyá rẹ̀ ló tún rántí, ó fà á dìde kúrò níbẹ̀ nítorí ojú tí kì í pa dé. Lẹ́yìn náà ló wọ pálọ̀, ó gbé fótò náà kúrò lára ògiri, ó fi ìborùn nu gíláàsì rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ń rí èèyàn?" ó béèrè. "Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn náà ní Ìkòròdú, Kúlúsúmù ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí òórùn ẹja fi kúrò níbẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo fi tìróò sí i. Omi ọmú náà, èmi ni. Òwú tó já, èmi ni mo já a."

Hanifah ń retí ìbáwí. Dókítà Tiwalọlá fa àga fún ìyá náà.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi, Ìyá. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn." Ó gbé fótò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Hanifah, ó wò ó, ó tún wò ó. "Mi ò ní fún un ní ojú ẹlòmíràn o. Ojú tó wà nínú fótò yìí náà ni. A máa gbé e sókè díẹ̀, èyí ọ̀tún á sì máa pa dé. Ó ṣeé ṣe, ní àṣẹ Ọlọ́run, tí ohunkóhun kò bá wọ inú rẹ̀."

"Kò ní wọ inú rẹ̀," ni Kúlúsúmù wí. Ó tú ìgò tìróò kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì dókítà. "Ẹ bá mi tọ́jú èyí títí ó fi máa jiná. Ọwọ́ mi lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nù ún."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sídìí omi, wọ́n jọ fọ ọwọ́. Ó fún un ní òwú funfun tó ti rin sómi oògùn, ó fi hàn án: láti ìdí imú lọ síta, lẹ́ẹ̀kan, kí ó jù ú nù, kí ó mú òmíràn. Kò gbọ́dọ̀ fà á. Kò gbọ́dọ̀ họ nǹkan kan.

"Ẹ dán an wò lójú rẹ̀, Ìyá. Àǹtí, ẹ pajú dé."

Hanifah pajú dé. Ó gbọ́ mímí ìyá rẹ̀ nítòsí, ó gbọ́ bó ṣe ń sọ bísímílà lábẹ́lẹ̀. Òwú náà kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó tutù, ó kọjá lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹyin ni wọ́n ń nù.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Nígbà àkọ́kọ́, ìbéèrè yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ bi í, ó sì ní rárá.

"Ẹ túbọ̀ rọra díẹ̀, Ìyá," ni Hanifah wí. "Apá ìsàlẹ̀ yẹn ń ta mí."

"Ó dáa. Ó dáa, ọmọ mi."

Ọwọ́ náà sì túbọ̀ rọra. Ojú òsì Hanifah dé pátápátá. Ti ọ̀tún kò pa dé tán, àyè tín-ín-rín kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo ìyá rẹ̀, tó ká ètè mọ́ ẹnu, tó ń fi gbogbo ara kọ́ iṣẹ́.