“E ma fo oko na”

Ẹni tó bá rò pé òkè ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì, kó lọ bi Morọ́lá Ògúnjìmí tó ń gbé ní Ailegun. Inú bàtà rọ́bà ló ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ gbáko ló fi ń po òògùn pọ̀ mọ́ omi, tó ń fa rọ́bà kiri, tó ń rọ epo, tó ń fọ táǹkì hẹlikọ́pítà kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ wọn fi ń fọ́n òògùn sóko olóko. Ọgbà wọn wà láàárín Ìsọlọ̀ àti pápákọ̀ òfurufú. Bó bá ṣiṣẹ́ ilẹ̀ dáadáa, ọ̀gá á gbé e gòkè, á fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kó wákàtí jọ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ dá nìkan wa ọkọ̀ náà lókè, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Olúbọ̀wálé ti fọwọ́ sí i. Ọmọ Èkìtì ni ọ̀gá yìí, kì í pariwo, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kì í gbójú fò: táǹkì tí wọn ò fọ̀. Òògùn koríko àti òògùn kòkòrò, táǹkì kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ìyókù òògùn koríko bá lọ dà sórí ìrẹsì, ìrẹsì ò mọ̀ pé àṣìṣe ni, yóò kú ni. Ẹni tó wà nípò Morọ́lá ṣáájú rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ táǹkì yìí ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, òògùn koríko ni wọ́n fọ́n, Morọ́lá ló sì kàn láti fọ táǹkì. Ó ní kíláàsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sáré jáde, ó gbàgbé. Ọlọ́run ṣe é, Bàbá Lará tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ṣé kí òun bá a fọ ọkọ̀ náà. Morọ́lá fi ìka kan tẹ èsì lábẹ́ tábìlì kí olùkọ́ má baà rí i: “E ma fo oko na. E se gan sa.” Ó ti fóònù bọ báàgì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un kà.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ti gbé òògùn kòkòrò lọ sí oko ìrẹsì ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan lápá Ọ̀fàdà. Morọ́lá àti Bàbá Lará jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà.

“O kú iṣẹ́ àná o,” ni Bàbá Lará wí. “O tún padà wá fọ táǹkì lẹ́yìn kíláàsì.”

“Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi fọ̀ ọ́.”

“Èmi tó o ní kí n má fọ̀ ọ́?”

Morọ́lá gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Lará yọ fóònù jáde, ó nà án sí i. “Ẹ máa fọ ọkọ̀ náà” ni Morọ́lá ní lọ́kàn. “Ẹ má fọ ọkọ̀ náà” ni Bàbá Lará kà, ó sì gbà pé ọmọ náà fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí a ò fàmì sí, ẹyin ni. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sì yéé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ìka ló ń yọ wá lẹ́nu.

Bàbá Lará rí ojú Morọ́lá. “Jẹ́ n sọ pé èmi ni mo gbàgbé,” ó ní. “Mo ti dàgbà. Ìwọ lo fẹ́ dá nìkan wa ọkọ̀ lónìí.”

Mi ò ní parọ́ fún yín, Morọ́lá rò ó. Èyí tó tún burú jù ú lọ wá sí i lọ́kàn: kó kàn dákẹ́. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kan kí ewé ìrẹsì tó pọ́n, òun á ti fò, wọ́n á ní oòrùn ló pa á. Ó wá rántí àwọn ìyá wọ̀nyẹn, bí wọ́n ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ́gbà, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un bí ẹni ń ṣe é fún ọmọ tiwọn. Ojú tì í. Ó dìde, ó sáré wọ yàrá rédíò.

Ó ti la ẹnu láti sọ pé “Ẹ má fọ́n ọn” nígbà tó rántí pé rédíò náà máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ, pé ọ̀gá lè gbọ́ “Ẹ fọ́n ọn.” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Ọ̀gá, ẹ dúró. Ẹ padà wálé. Òògùn koríko àná ṣì wà nínú táǹkì. Èmi ló kàn, mi ò fọ̀ ọ́.”

Ó tẹ etí mọ́ rédíò.

“Mo ti ń wo oko náà lọ́ọ̀ọ́kán,” ni ọ̀gá wá wí. “Mi ò tíì fọ́n nǹkan kan. Mò ń bọ̀.”

Morọ́lá mí kanlẹ̀. Ìrẹsì ti bọ́, ó wá ku tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá balẹ̀, Morọ́lá fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn án. Ọ̀gá gbé fóònù jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́. “Èmi náà ì bá má fọ̀ ọ́,” ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa òògùn inú táǹkì dà sínú àgbá, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n po òmíràn. Ọ̀gá lọ fọ́n oko náà, aago mẹ́wàá ló padà dé. Akoto, fìlà líle páílọ́ọ̀tì tó yá Morọ́lá, ló bá lórí tábìlì rẹ̀.

“Kí lèyí ń wá níbí?”

“Mo dá a padà ni, sà.”

“Gbé e dé. Jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe balẹ̀ báyìí, ọ̀gá tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ.

“Ọ̀gá, pẹ̀lú ohun tí mo ṣe láàárọ̀?”

“Ohun tó o ṣe láàárọ̀ gan-an ni,” ni ọ̀gá wí. “Bí nǹkan bá yíwọ́ lókè, mo mọ̀ pé wàá pè mí.” Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ọkọ̀ náà fúyẹ́ láìsí ọ̀gá nínú rẹ̀. Kíá ló gbéra, ó fẹ́ já mọ́ Morọ́lá lọ́wọ́. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ ba, ó gbọ́ràn. Òrùlé ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yí pápá ká, ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú Bàbá Lará tó ká ọwọ́ lérí.

Ọ̀gá bi í lórí rédíò pé ṣé kò sí wàhálà.

“Ọkọ̀ ti balẹ̀, sà,” ni Morọ́lá dáhùn. “Ọkàn mi náà ti balẹ̀.”