Ófùn Abẹ́ Ìró

Karimot ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, fóònù ẹ̀ ń ké lórí tábìlì, kò gbé e. Ó kúkú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ófùn ńlá tó fi ń yan kéèkì, pé kó máa lò ó kó máa san án díẹ̀díẹ̀, ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ẹ̀: "Karimot ti Ìkòsì ra ófùn lọ́dọ̀ wa, kò san owó oṣù yìí. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún un." Àná péré ló yẹ kó san owó ọ̀hún o! Ikú yá ju ẹ̀sín.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní ófùn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, béèyàn bá ra nǹkan tuntun, aráalé á ní, "Ẹ̀mí á lò ó," onítọ̀hún á ṣe àmín. Báwo lòun ṣe fẹ́ ṣàmín sí ọjà àwìn? Ló bá fi ìró bò ó, ó ń yan kéèkì ní bòókẹ́lẹ́, ó ń kó o fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Kétu. Bó bá ta sánsán dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní ọ̀rẹ́ òun kan ló gbé e wá. Ká má purọ́, ófùn náà ló ń bọ́ ilé. Ká ní ó dúró dìgbà tówó pé ni, ibi tó wà náà ni ì bá ṣì wà. Ṣùgbọ́n oṣù kì í dúró de ẹni tọ́jà ò tà fún.

Nígbà tára ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gbé fóònù. Aunty Hùmúàní ni, àbúrò ìyá ẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, mo máa san án..."

"Ta ló ń bi ẹ́ léèrè gbèsè? Ọ̀rọ̀ ófùn ni mò ń bi ẹ́! O ní ófùn, èmi wá ń lọ ra kéèkì ní Mende? Rahmon ọmọ mi ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ Sátidé. Fi àkáǹtì ẹ ránṣẹ́, jàre!"

Kò tíì gbé e sílẹ̀ tán tí Jeffrey, tí wọ́n jọ kàwé, fi pè: mííìtì páì ni tiẹ̀, fún gbogbo ọ́fíìsì wọn. Ẹlòmíì tún pè. Karimot ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun kún etí ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, owó àsansílẹ̀ ti wọlé, ó sì ti san ti oṣù náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ófùn ò kúkú nítìjú, wọ́n fèsì lójú ẹsẹ̀: "A dúpẹ́. Ṣé ẹ ò ní ra fíríìjì?"

"Ẹ lọ gbé e fún ìyá yín!" Karimot pòṣé, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Ni wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Ìyá Olúrántí ni, ìyá onílé. Wọ́n wọlé, fóònù tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà wà lórí ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo kọ̀rọ̀, wọ́n fa ìró náà kúrò.

"Ọ̀rẹ́ tó ń gbé kéèkì wá nìyí?"

Karimot kúnlẹ̀, ojú ń tì í, ẹ̀rín ń pa á. Ìyá fọwọ́ pa ófùn náà lórí.

"Ó mà dáa o. Ẹ̀mí ẹ á lò ó."

Owó oṣù mẹ́ta ṣì kù lórí ófùn náà. Karimot dìde nílẹ̀.

"Àmín, Mummy," ló wí. Ó mú ìró náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó ró o mọ́dìí.