Ẹ̀rọ Tí Kò Béèrè Mọ́

Màmá Fọ́tò na ìka sílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ilé ìyàwòrán rẹ̀, ó ń retí ìbéèrè tí kò wá. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀, àkójọ àṣẹ tí àna rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀dà fọ́tò pamọ́ á máa ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, títí á fi dé ibi ọ̀rọ̀ kan, sudo, èyí tó ń fún un lágbára ọ̀gá. Níbẹ̀ ni yóò ti dúró gba pásíwọ́ọ̀dù. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Màmá nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì fi mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Lónìí, àwọn fọ́tò kàn ń rọ́ lọ sínú àpótí ìpamọ́ kejì láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó wo àna rẹ̀, Bàbá Wáyà, tó ń nu kámẹ́rà, tó sì ń súfèé. Súfèé kẹ̀?

"Ọkọ ọmọ mi, ta ló fún ẹ̀rọ yìí láṣẹ?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Ẹ ò ní máa ṣe wàhálà mọ́."

"Mo sunkún wàhálà sí ẹ létí ni? Báwo lo ṣe rí pásíwọ́ọ̀dù mi?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kì í tètè gbàgbé; ó máa ń tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tún béèrè. Ẹ lọ bu omi lánàá, mo bá sọ fún un pé kó má béèrè mọ́."

"Èmi ń bu omi, ìwọ ń gba ilé! Tí wọ́n bá ní kó pa fọ́tò rẹ́ ńkọ́, kò ní béèrè?"

"Kò ní béèrè."

"Kí ló ń lé ẹ gan-an?"

Bàbá Wáyà wolẹ̀. "Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Mọ́mì. Ẹ ń ṣì í tẹ̀ lójú oníbàárà, ẹ wá ní bọ́tìnnì ló gbó. Mi ò fẹ́ kójú tì yín."

Màmá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn. Ó lè jóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lè sọ bẹ́ẹ̀ náà.

"Ìlà wo ló nílò agbára ọ̀gá?"

"Èyí tó ń so àpótí ìpamọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà nìkan."

"Ìyẹn nìkan ni kó máa wọlé láì kanlẹ̀kùn. Àwọn yòókù á kàn án."

Àna rẹ̀ tún un ṣe lójú rẹ̀, ó sì fi àṣẹ mìíràn dán an wò. Ẹ̀rọ béèrè pásíwọ́ọ̀dù.

"Kọjú sí ògiri."

"Mọ́mì!"

"Ògiri ni mo wí."

Ó kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ṣì í tẹ̀, ó tún ṣì í tẹ̀. Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé kíkankíkan bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀rọ gbà á, Màmá yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà kíá.

"Ẹ jẹ́ n bá yín bu omi wá," ni àna rẹ̀ wí.

"Bù ú wá," ni Màmá dáhùn, ṣùgbọ́n kò dìde lórí àga náà títí ẹ̀rọ fi gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù náà.